Òfì Orí Ibùsùn Mi

Nígbà tí orí mi kò tíì ga ju etí ibùsùn lọ, inú yàrá pákó kan ní New Bell, nínú ìlú Douala níhìn-ín, ni mo ti rí i pé ènìyàn lè sọ àkísà di ohun tí kì í sú ojú láti wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé orí fóònù ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá ṣe. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tí ó ń gbé ní àdúgbò Bonamoussadi kì í gbé ojú kúrò níbẹ̀. Yóò máa wo àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń fi okùn hun ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri, tí wọ́n ń kun àtùpà ní ọ̀dà, tí wọ́n ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ etí dígí. Ó gbé e wá fi hàn mí, ó ní, "Mamie, ẹ wò ó, c'est facile," pé kò le rárá. Mo ní ó dára, ó sì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n n kò lè wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí n má rántí ìyá mi, tí kò ní fóònù, tí kò ní ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án, tí ó jẹ́ pé ojú ara rẹ̀ àti ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ́ gbogbo ohun tí ó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí yàrá náà ti rí. Ilé pákó ni, irú èyí tí àwọn ará Douala ń pè ní karabọ́ọ̀tì. Láti Ìṣẹ́yìn ni bàbá àti ìyá mi ti wá. Bàbá mi ń ta aṣọ nínú ọjà, nǹkan kò sì tíì gún régé fún un débi tí yóò fi gba ilé bíríkì. Pákó náà ti gbó, àlàfo wà láàárín ọ̀kan sí èkejì tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń dá àwọn tí ń kọjá lójúde mọ̀ láti orí ibùsùn mi. Mo mọ ẹni tí ó wọ bàtà tuntun, mo mọ ẹni tí ń tiro. Ẹ̀yin náà sì mọ òjò Douala. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀, kò mọ ọjọ́ tí yóò dá. Ara pákó a máa yọ omi, aṣọ inú àpótí a máa bu, ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí ó ti fọ́ a máa tutù rinrin. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn yàrá náà, nítorí pé n kò mọ òmíràn.

Ẹnì kan tí ó ti Douala lọ sílé ni ó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó dé Ìṣẹ́yìn, ó lọ kí ìyá bàbá mi, ó sì sọ fún un pé ọmọ ọmọ rẹ̀ ń sùn nínú àpótí pákó, pé omi ń gba abẹ́ ibùsùn rẹ̀ kọjá. Irọ́ rẹ̀ kò pọ̀, òótọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà fi ránṣẹ́ sí wa pé òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun rí i, àti pé bí ó bá rí bí wọ́n ti wí, òun yóò mú mi padà lọ sí Ìṣẹ́yìn kí n lọ dàgbà nínú ilé tí ó ní ògiri. Bàbá mi gbọ́ ọ, kò lè kọ̀. Ta ni yóò wo ojú ìyá tí ó bí i lọ́mọ kí ó sọ pé rárá? Bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni ọmọ tí ìyá mi bí tí ó dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára tó. Kò sunkún níṣojú mi. Ó kàn dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń wo ibẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ bá a jà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ògiri ni ó kọ́kọ́ dojú kọ. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé, ó ṣa àwọn àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti jù nù, ó gbọn eruku wọn, ó sì ya bébà inú wọn tí ó mọ́ sọ́tọ̀. Ó ro ògì gbágùúdá lórí iná títí ó fi ki, lẹ́yìn náà ni ó fún omi ewúro sí i. Mo bi í pé kí ni ewúro ń wá nínú rẹ̀.

"Aáyán fẹ́ràn ògì jù ọ́ lọ," ni ó dáhùn. "Jẹ́ kí ó tọ́ ewúro wò ná."

Bébà yẹn ni a fi ògì náà lẹ̀ mọ́ pákó, ọ̀kan lé òmíràn, títí àlàfo kankan kò fi hàn mọ́, tí ògiri fi le, tí àwọ̀ rẹ̀ fi dà bí awọ bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àwọn tí ń kọjá lójúde kò sí mọ́, mo sì ṣàárò wọn díẹ̀. Nígbà tí ó gbẹ, ìyá mi mú kókò, èyí tí àwọn ará ibí ń pè ní makabó, ó gé e sí méjì, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ojú rẹ̀ bí ìràwọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú búlúù tí a fi ń fọ aṣọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ìràwọ̀ aláwọ̀ búlúù lórí bébà pípọ́n. Ó fún mi ní ìlàjì kejì. Ẹ ò rí i pé kókò ń yún ènìyàn lọ́wọ́? À ń họ ara, à ń tẹ ìràwọ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi ni mo tẹ̀ wọ́n, ìyá mi kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wọn ṣe.

Lẹ́yìn ògiri ni ó kan ibi tí n óo máa kó nǹkan sí. Youpwè ni ìyá mi ti máa ń ra ẹja, níbi tí ọkọ̀ àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti tọrọ àwọn àpótí ẹja tí ó ti ya. Ó fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, ó sá wọn sí oòrùn nígbàkígbà tí oòrùn bá rántí wa. Ó kàn wọ́n lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó bo agolo mílíìkì ní aṣọ, ó tò wọ́n síbẹ̀, ọ̀kan fún ìyarun, ọ̀kan fún òwú, ọ̀kan fún òkúta wẹ́wẹ́ tí mo ń ṣà. Iṣẹ́ náà wù mí, àfi òórùn ẹja tí ó kọ̀ tí kò lọ. Gbogbo ológbò àdúgbò ni ó gbọ́ nípa rẹ̀. Wọn a wá jókòó níwájú àpótí náà, wọn a ká ìrù mọ́ ẹsẹ̀, bí àlejò tí ń retí kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ìyá mi kò bínú sí wọn. Ó ń já ewé tíì láti ẹ̀yìn ilé, ó ń rún un sínú àpótí náà láràárọ̀, títí ó fi sú àwọn àlejò náà, tí wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹnu ọ̀nà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Ilé ọtí kan wà ní òdìkejì òpópó, ìyá mi sì ti bá onílé ọtí sọ ọ́ kí ó máa bá òun kó ìdérí ìgò pamọ́. Bàbá mi, tí kì í pa ìrun jẹ, ti mọ́ṣáláṣí dé, ó bá òkìtì ìdérí ìgò bíà ní àárín ilé rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò wọ́n.

"Kí ni kí n sọ fún àwọn jámáà bí wọ́n bá wọlé?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ìyàwó yín ni ó mu ún," ni ìyá mi wí, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

Bàbá mi fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. Nígbà tí mo tún wò, òun náà ti mú òòlù, ó ti jókòó sílẹ̀, ó ń pa ìdérí kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ okùn. A so àwọn okùn náà kọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá mi bí aṣọ, wọ́n gùn kan ilẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá, yóò dún ṣẹ́ẹ́rẹ́ṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo wọlé, mo jáde, mo wọlé, mo jáde, títí wọ́n fi lé mi síta.

Ó wá ku aṣọ orí ibùsùn. Nínú àgbàlá wa, ìyá aránṣọ kan wà, ọmọ ẹ̀yà Bamileke, tí òun àti ìyá mi ń bá ara wọn sọ Pidgin. Àgékù aṣọ kún abẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. "Ma sista, take'am all," ni ó wí, "for me na dirty." Ìyá mi dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní wúrà. Ó da àwọn àgékù náà sílẹ̀, ó ń tò wọ́n, ó ń tú wọn ká, ó ń sún sẹ́yìn láti wò wọ́n, ó ń fi ofeefee sí ẹ̀gbẹ́ dúdú, ó ń yọ pupa kúrò, ó tún ń dá a padà. Bí ó ti ń ṣe é, kò gbọ́ bí mo bá pè é. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ yàrá olówó ni mo ti wọ̀ láti ìgbà náà, n kò tíì rí ẹni tí ó mọ àwọ̀ bí tirẹ̀. Nígbà tí ó rán an tán tí ó tẹ́ ẹ, ìyá aránṣọ wá wò ó, ó lanu, kò lè gbà pé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun ni ó ti wá.

Ó kù dẹ̀dẹ̀ kí ìyá àgbà dé ni òjò kan rọ̀. A wà ní ọjà. Páànù tí ó wà lókè ibùsùn mi ti jò láìjẹ́ pé a mọ̀, omi sì ti ń dà sórí aṣọ náà láti òwúrọ̀. Pupa inú rẹ̀ ti ṣí, ó ti ṣàn wọ inú gbogbo àwọ̀ yòókù. Nígbà tí ìyá mi ká a kúrò lórí ibùsùn, ó dà bí àkísà tí wọ́n fi nu ilẹ̀ ilé ẹran. Ó fún un, ó fọ̀ ọ́, ó tún fọ̀ ọ́, pupa kò kúrò. Ó wá jókòó sí ilẹ̀ tútù, ó gbé orí lé eékún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tí ó sunkún nìyẹn.

"Wọ́n á gba ọmọ mi lọ," ni ó ń wí. "Wọ́n á gbà á lọ."

Ẹ̀rù bà mí ju ti òjò lọ. Mo lọ jókòó tì í.

Nígbà tí ó ṣe, ó dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó sì lọ ṣí àpótí rẹ̀. Ó gbé òfì mi jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfì náà ti jẹ́. Ahunṣọ ni bàbá bàbá mi. Nígbà tí ó gbọ́ pé wọ́n bí mi sí Douala, ó hun òfì dúdú tí ìlà funfun tín-ín-rín wà nínú rẹ̀, ó sì fi rán ẹni tí ń bọ̀. Òun ni aṣọ tí ó hun kẹ́yìn kí ó tó kú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ró o. Ọjọ́ tí mo bá ń lọ ilé ọkọ ni wọ́n ní kí n mú un lọ. Ìyá mi tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi ọwọ́ pa á lára títí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí ó mú bíléèdì, tí ó lọ jókòó sí ojú fèrèsé, tí ó kẹ̀yìn sí mi.

Bàbá mi dé, ó bá òfì bàbá rẹ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ lórí ẹní. Ó ká ọwọ́ lé orí.

"O gé aṣọ bàbá mi?"

"Ẹ jọ̀wọ́," ni ìyá mi wí, "ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná."

Ìyá mi ya ìró funfun tirẹ̀, èyí tí ó fi ń lọ kí ìrun Yídì, ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ó rán òfì dúdú kan mọ́ funfun kan, dúdú kan mọ́ funfun kan, títí ó fi bo ibùsùn mi láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dára. Ó dára débi tí n kò fẹ́ jókòó lé e. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọkọ̀ ojú omi láti Kàlàbá ni ó gbé ìyá àgbà dé èbúté Douala. Ìyá kúkúrú kan ni, tí ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan. Ó gba tíì, ó mu ún, ó ní kí wọ́n fi ibi tí ọmọ ń sùn han òun. Bí ó ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ìdérí ìgò dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú padà, ó di ọ̀kan mú, ó wò ó dáadáa.

"Ta ni ó mu gbogbo èyí?"

Bàbá mi ń wúkọ́. Ìyá àgbà bá tirẹ̀ lọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó tẹ̀ ẹ́, ó wá ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, kò rí i. Ó tẹ̀ba láti wo àwọn ìràwọ̀ mi tí ó wọ́. Ó gbóòórùn àpótí, ó ní, "Ẹja wo ni ó ń sùn síbí?" Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìyá mi fún mi lọ́wọ́. Nígbà náà ni ó yíjú sí ibùsùn, ó sì rí òfì.

Ó ní, "Aṣọ ọkọ mi nìyí." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ká aṣọ náà kúrò, ó gbé e lọ sí ojú fèrèsé, ó yí inú rẹ̀ síta. Ìyá mi ti kúnlẹ̀. Mo di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú pinpin, nítorí mo rò pé ìsinsìnyí ni wọ́n óo mú mi lọ.

Ìyá àgbà ń fi àtàǹpàkò wọ́ etí òfì náà, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, ìyàwó ahunṣọ mọ̀ ọ́n. Tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa ń hun òfì, bí ọ̀já gígùn, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ rán wọn pọ̀ di aṣọ gbòòrò. Bí ènìyàn bá fi sísọ́ọ̀sì gé e, òwú yóò máa tú, iṣẹ́ ahunṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò gé nǹkan kan. Ojú rírán nìkan ni ó fi bíléèdì tú, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fi gbogbo ohun tí ọkọ ìyá àgbà hun sílẹ̀ bí ó ti hun ún.

"O ò gé e," ni ìyá àgbà wí.

"Mo tú u ni, Ìyá. Bí ẹ bá ní kí n rán an padà bí ó ti wà, màá rán an."

Ìyá àgbà jókòó sórí ibùsùn mi, ó gbé aṣọ náà lé itan, ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní, "Dìde, ìyàwó mi. Bá mi wá abẹ́rẹ́." Ìyá mi gbé abẹ́rẹ́ wá. Ìyá àgbà mú igun kan, èyí tí ìyá mi ti kánjú rán, ó tú u, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un rán bí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń rán òfì ní Ìṣẹ́yìn. Ó ní òun náà fẹ́ ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Orí ibùsùn yẹn ni èmi àti òun jọ sùn títí ó fi lo ọjọ́ rẹ̀ pé. Nígbà tí ó ń lọ, ó gbé ẹrù tirẹ̀ nìkan wọ ọkọ̀, mo dúró ní èbúté, mo ń juwọ́, ọwọ́ kejì wà lọ́wọ́ ìyá mi.

Ayé ti yí padà o. Ilé pákó wa kò sí mọ́. Àwọn ọmọ wa ń gbé ilé tí wọ́n fi táìsì tẹ́, wọ́n sì lè ra aṣọ ibùsùn tí wọ́n ti dì pọ̀ mọ́ ìrọ̀rí nínú ọ̀rá. Mo ti ń sọ ọ́ kiri pé ọwọ́ ti tán lára àwọn ọmọ òde òní, àfi ìgbà tí mo dé yàrá ọmọ ọmọ mi ní Bonamoussadi láìpẹ́ yìí. Ẹ̀yin ènìyàn, mo dákẹ́. Ó ti ṣa àpótí onípákó láti ọjà, ó kùn ún ní funfun, ó kàn án mọ́ ògiri bíi pẹpẹ, òórùn ẹja nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ó fi okùn wé ìgò jáàmù, ó gbin ewé sínú rẹ̀. Kò mọ ìyá mi rí, ó sì ń sún sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ rẹ̀ gan-an bí ìyá mi ti ń ṣe, kì í sì í gbọ́ bí mo bá pè é. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi lọ gbé òfì náà wá fún un, nítorí ó ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ fi ṣe aṣọ ìrọ̀rí àti ohun ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Funfun inú rẹ̀ ti gbó, ó ti ń fà ya. Dúdú ṣì wà bí ó ti wà.

Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ṣí sísọ́ọ̀sì. "Mamie, je coupe ici?" Ó ń bi mí bóyá kí òun gé e níbẹ̀.

Mo gba sísọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé orí pẹpẹ funfun rẹ̀, mo wá bíléèdì, mo sì fi ojú rírán hàn án. Mo ní, "Má gé e. Tú u."

"Tú u," ni ó wí tẹ̀ lé mi, bí ẹni tí ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ́. Ó tẹ orí ba, ó ń tú u pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń wò ó. Nígbà tí ó dé igun kan, ó dúró. Ó gbé e súnmọ́ ojú rẹ̀. Ó ní, "Èyí yàtọ̀. Ẹlòmíràn ló rán an?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ẹni tí ó wá mú mi lọ ni ó rán an, tí kò sì mú mi lọ mọ́.

Ó wo igun náà, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ni ó gbé bíléèdì sílẹ̀. "Igun yìí, on le laisse," ni ó wí, ó sì fi í sílẹ̀ bí ìyá àgbà ti rán an.